Èémí Kò Gbọdọ̀ Wọ Ìgò

"Ìyàwó wa, o kú iṣẹ́ o!"

Àmọ̀kẹ́ gbọ́. Ta ni kò ní gbọ́ ohùn Bàbá Ládòkun, ohùn tí ẹni tó wà ní òdìkejì odò máa ń gbọ́? Ṣùgbọ́n ìgò wà ní ṣíṣí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó na apá rẹ̀ méjèèjì síwájú tààrà, ó kọjú sí ọ̀yẹ́ tó ń fẹ́ bọ̀ láti òkè ọ̀hún, ó sì ti fa èémí kan sínú tí kò gbọdọ̀ tú jáde àfi tó bá ka ọgbọ̀n tán. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ka mọ́kànlá ni.

"Ìyàwó wa! Mo ní o kú iṣẹ́!"

Méjìlá. Mẹ́tàlá. Mo gbé, Àmọ̀kẹ́ wí nínú ara rẹ̀, bàbá ọkọ mi ló ń kí mi, ẹ̀yìn ni mo sì kọ sí wọn yìí. Ó ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ àwọn mìíràn lórí àpáta náà. Ẹnì kan tí ohùn rẹ̀ jọ ti ará Kìṣí béèrè pé, "Àbí obìnrin yìí kò gbọ́ràn ni?"

"Ó gbọ́ràn," ni Bàbá Ládòkun fi dá a lóhùn. Ó wá kí i nígbà kẹta, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, èyí gan-an ló sì burú jù. "Àmọ̀kẹ́, aya Ràmọ́nì. O kú iṣẹ́."

Mọ́kànlélógún. Méjìlélógún. Àyà Àmọ̀kẹ́ ń lù kìkì, ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Nígbà tó ka ọgbọ̀n, ó yí ẹnu ìgò náà pa, ó mí kanlẹ̀, ó yí padà kíá, ó sì fi eékún méjèèjì lulẹ̀ lórí àpáta. "O ò, Bàbá mi! Ẹ ṣeun o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú..."

Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀ mọ́. Agbádá funfun mẹ́ta ló rí nísàlẹ̀ tó ń lọ láàárín koríko bẹẹrẹ, tí Bàbá Ládòkun sì ṣíwájú wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ìgò yìí ti jẹ́, kí ẹ má baà rò pé orí obìnrin náà ló dàrú. Ọ̀yẹ́ ọdún 1986 la wà yìí, nílùú Òfìkì. Àmọ̀kẹ́ ló ń tọ́jú yàrá sáyẹ́ǹsì ní ilé ẹ̀kọ́ girama ìlú náà: ó ń fọ ìgò, ó ń nu tábìlì, ó ń kó ohun èlò síta fún àwọn tíṣà. Kíláàsì kẹta ni òun fúnra rẹ̀ dé kí bàbá rẹ̀ tó kú tí ẹ̀kọ́ fi dúró. Ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ ní yunifásítì, Dókítà Olúkúnlé, ló wá sílé ẹ̀kọ́ náà lẹ́yìn òjò, tó ń wá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n, tó sì lè tẹ̀ lé ìlànà láìfi tirẹ̀ kún un. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. "Ìyá Mọ́nsúrù ni," ló wí, orúkọ ọmọ Àmọ̀kẹ́ ló fi pè é.

Ìgò dígí méjìlá ni Dókítà gbé wá nínú àpótí onígi. Ẹ̀rọ ti fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú wọn jáde, ó wá kù kí èèyàn gbé wọn dé ibi tó fẹ́, kó yí ẹnu wọn, kí wọ́n sì fa afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sínú.

"Kí lẹ fẹ́ fi afẹ́fẹ́ Òfìkì ṣe?" Àmọ̀kẹ́ bi í.

"Ohun tó bá ń rùn, tàbí tó ń ta sánsán," Dókítà dáhùn, "nǹkan kan ló ń kúrò lára rẹ̀ tó ń wọ inú afẹ́fẹ́. Ì báà jẹ́ ewé, èéfín, tàbí pẹtiróòlù. Èròjà kan tó ń jẹ́ kábọ́ọ̀nù wà nínú gbogbo wọn, kábọ́ọ̀nù ọ̀hún sì pín sí méjì, ọ̀kan fi díẹ̀ wúwo ju èkejì lọ. Ìdílé kan ni koríko àti àgbàdo àti ọkà bàbà, èyí tó wúwo yẹn pọ̀ díẹ̀ lára tiwọn. Ìdílé mìíràn ni igi àti ẹ̀gẹ́ àti iṣu, tiwọn fúyẹ́ díẹ̀. Tí iná bá jó wọn, àmì ìdílé wọn á ṣì wà nínú èéfín wọn, bí ilà ṣe wà lójú èèyàn. Ẹ̀rọ kan wà lókè òkun tó ń ka ilà ọ̀hún."

Àmọ̀kẹ́ fọwọ́ kan pélé ojú tirẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ má rẹ́rìn-ín," Dókítà wí, ó ń rẹ́rìn-ín lòun náà. "Àwọn kan jókòó sí ọ́fíìsì, wọ́n ń sọ pé iná koríko tí ẹ̀yin ará Òkè-Ògùn ń dá ló ń ba afẹ́fẹ́ gbogbo ayé jẹ́. Èmi ò tíì gbà. Ó lè jẹ́ igi táwọn elédùú ń jó ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ìgò yín ló máa sọ ọ́."

Ó wá kọ́ ọ ní ìlànà rẹ̀. Lórí àpáta kan náà, ní wákàtí kan náà, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Kò gbọdọ̀ kun ìpara, kò gbọdọ̀ fín lọ́fíńdà, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan kẹrosíìnì láti àárọ̀. Kó kọjú sí afẹ́fẹ́, kó na ìgò síwájú jìnnà sí ara, kó sì ka ọgbọ̀n kó tó dé e. "Èémí yín pàápàá, Ìyá Mọ́nsúrù, kò gbọdọ̀ wọ ìgò. Ẹ̀kọ tẹ́ ẹ mu láàárọ̀ wà nínú èémí yín. Ẹ̀rọ á rí i, á ní koríko ló jó." Ìgò mẹ́sàn-án ni kó lò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, kó fi mẹ́ta tó kù sílẹ̀ de ọjọ́ tí wọ́n máa dáná sí igbó: ọ̀kan kí iná tó dé, ọ̀kan nígbà tó bá dé, ọ̀kan nígbà tó bá kọjá. Láìsí ti ọjọ́ iná, mẹ́sàn-án ìṣáájú kò wúlò fún nǹkan kan. Ẹ̀rọ òkè òkun kò sì ní ṣí sílẹ̀ fún wọn mọ́ lẹ́yìn ọdún yìí.

Ìgò kẹsàn-án ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí bàbá ọkọ rẹ̀ kí i.

Kó tó délé, ilé ti gbóná. Bàbá Ládòkun jókòó sórí àga rẹ̀ ní ọ̀ọ̀dẹ̀, àwọn àlejò ti lọ. Àdìjátù, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ká apá mọ́ àyà. Àmọ̀kẹ́ kúnlẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà.

"Bàbá, ẹ fi orí jì mí. Ìgò ló wà ní ṣíṣí, sà."

"Ìgò," Bàbá wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Tí mo bá lanu báyìí, èémí mi á wọ inú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á bàjẹ́."

"Mo kí ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn èèyàn wá láti Kìṣí kí n bá wọn parí ẹjọ́ màlúù tó jẹ oko iṣu. Mo ń sọ fún wọn pé ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ ni pé wọn kì í dá ara wọn lóhùn. Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò lẹ́nu mi tí aya ọmọ mi fi kẹ̀yìn sí mi bí ẹni pé ajá ló ń gbó. Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín, Àmọ̀kẹ́. Ó fi mí rẹ́rìn-ín!"

Ó dun Àmọ̀kẹ́ wọ egungun. Bàbá yìí ló gbè é lẹ́yìn nígbà tí gbogbo agbo ilé ní kí ìyàwó má ṣiṣẹ́ ìjọba. Kì í ṣe ẹni tó yẹ kójú tì. Omi lé ròrò sójú rẹ̀.

"Mo jẹ̀bi pé ojú tì yín, Bàbá. Mo tọrọ àforíjì, ẹ bá mi gbà á. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ parọ́ fún yín. Tẹ́ ẹ bá tún bá mi níbẹ̀ tí ìgò wà ní ṣíṣí, mi ò ní lè dáhùn náà."

"Háà!" Àdìjátù figbe ta. "Ẹ gbọ́ o! Ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ nílé wa! Ó ní òun tún máa ṣe é!"

Bàbá gbọ́wọ́ sókè, Àdìjátù sì panu mọ́. "Àpáta tó o dúró sí yẹn," Bàbá wí, "ilẹ̀ ta ni?"

"Ilẹ̀ yín ni, sà."

"Odi kan ò ní ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ mi. Ó tán."

Kó tó di ọjọ́ kejì, orúkọ ti délẹ̀. Àwọn obìnrin ilé tó ń fọ irú lẹ́bàá kànga rí i tó ń bọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ júwe sí ara wọn bí ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀. "Ìyàwó Odi, ṣé dáadáa lo jí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi dìrọ̀ mọ́ ara wọn. Àmọ̀kẹ́ fa omi tirẹ̀, ó gbé garawa rẹ̀ lérí. "Ẹ máa rọra o," ló wí, "ẹ má jẹ́ kí irú bọ́ sí kànga."

Ràmọ́nì ọkọ rẹ̀ kì í ṣe oníjà. Aránṣọ ni, ó máa ń fi abẹ́rẹ́ há ẹnu tí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ di ariwo. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó dá ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dúró, ó yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu.

"Ìyá Mọ́nsúrù, mo ti rò ó. Kí ló dé tó ò fi kó ìgò wálé? Ẹ̀yìnkùlé wa fẹ̀. Ṣí i níbẹ̀, kọ orúkọ àpáta sí i. Afẹ́fẹ́ náà kọ́ ni?"

"Bàbá Mọ́nsúrù, ẹ̀yìnkùlé níbi tí sítóòfù wà? Níbi tí ẹ̀gbọ́n yín ti ń dín àkàrà?"

"Ta ló máa mọ̀?"

"Ẹ̀rọ á mọ̀. Ká tilẹ̀ ní kò mọ̀, èmi mọ̀. Ṣé kí n wá máa kọ irọ́ sára ìgò tí wọ́n ní kí n fi sọ òótọ́?"

Ràmọ́nì mí kanlẹ̀, ó dá abẹ́rẹ́ padà sẹ́nu. Ẹ má jẹ́ ká bú u. Ó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀, ó bẹ̀rù bàbá rẹ̀, àárín àwọn méjèèjì ló sì ń gbé.

Ó dọ́jọ́ Ẹtì, tí ọjọ́ iná ku ọ̀la, Àmọ̀kẹ́ ti iléèwé dé, ó bá ọkọ rẹ̀ lójú ọ̀nà tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ rárá.

"Mo ti bá ọ ṣe ọ̀kan lẹ́yìnkùlé," Ràmọ́nì wí. "Mo na ọwọ́ síwájú gan-an bó o ti ń ṣe é. Mo kọjú sí afẹ́fẹ́. Ó kàn ṣe ṣìì, mo dé e. Kò sóhun tó kù."

"Ẹ... ẹ ṣí ìgò mi?"

"Mi ò tilẹ̀ ṣe é lásán. Mo ṣe bísímílláhì sí i dáadáa kí n tó ṣí i, mo tún dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run bó ṣe ń wọlé, kí iṣẹ́ rẹ lè yọrí sí rere."

Àmọ̀kẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò mọ̀ bóyá kí òun sunkún ni àbí kí òun rẹ́rìn-ín, ó sì ṣe méjèèjì pọ̀. Ìgò kẹwàá! Ó ti kún fún èémí Ràmọ́nì, fún àkàrà Àdìjátù, fún bísímílláhì. Nígbà tó nu ojú rẹ̀ tán, ó mú bírò, ó kọ ọ́ sára ìwé pélébé tó lẹ̀ mọ́ ọn: Ẹ̀yìnkùlé. Ọkọ mi ló ṣí i. Ó gbàdúrà sí i. Ẹ má kà á.

"O ò wá mọrírì rẹ̀ rárá," Ràmọ́nì wí, ojú rẹ̀ sì fà ro.

"Mo mọrírì rẹ̀, Bàbá Mọ́nsúrù. Ẹ ṣeun. Ẹ má tún fọwọ́ kàn án mọ́ láyé yín."

Ó ku méjì. Ọ̀kan nígbà tí iná bá dé, ọ̀kan tó bá kọjá. Kò sí àyè àṣìṣe mọ́.

Ní Sátidé, oòrùn ti ga kí àwọn ọdẹ tó tò sí etí igbó, pẹ̀lú ajá àti àdá àti ìbọn. Bàbá Ládòkun ló nilẹ̀, òun ló máa ní kí wọ́n ṣáná. Orí àpáta ló dúró sí, torí pé ibẹ̀ lèèyàn ti lè rí gbogbo igbó náà. Ibẹ̀ náà ni Àmọ̀kẹ́ gbé àpótí ìgò rẹ̀ lọ. Kò kun nǹkan kan sára, awọ ara rẹ̀ funfun fún ọ̀yẹ́.

"Kí lo wá ṣe níbí?" Bàbá bi í.

"Iṣẹ́ mi ni mo wá ṣe, sà."

"Kí ni mo sọ fún ọ?"

"Ẹ ní odi ò ní ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ yín. Èmi kì í ṣe odi, Bàbá. Ẹ gbọ́ mi." Ó gbé àpótí kalẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó gbóhùn sókè tó fi jẹ́ pé àwọn ọdẹ ìsàlẹ̀ gbọ́. "Ẹ kú ọ̀sán o! Ẹ kú iṣẹ́! Ẹ kú ìdúró! Ẹ kú oòrùn, ẹ kú ọ̀yẹ́, ẹ kú ìmúra iná! Ẹ kú ewu tí kò ní wu yín! Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ kó tó dé! O ò, Bàbá! A dúpẹ́, Bàbá! Ẹ ṣeun, Bàbá! Gbogbo èyí tẹ́ ẹ máa kí mi lónìí, mo ti dá a lóhùn sílẹ̀. Tí mo bá dìde, ẹ jẹ́ n panu mọ́ dé ìwọ̀n ọgbọ̀n péré."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín nísàlẹ̀, ẹlòmíràn gbà á lẹ́nu rẹ̀. Kì í ṣe Àmọ̀kẹ́ ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín, ohun tó bí Bàbá nínú gan-an nìyẹn.

"Ẹ dákẹ́!" Gbogbo wọn dákẹ́. Bàbá tẹ̀ síwájú. "Níṣojú gbogbo ọdẹ Òfìkì ni mo ti ń sọ ọ́. Tó o bá ṣí nǹkan yẹn, tí mo kí ọ, tó ò dá mi lóhùn, má padà wá sílé mi."

Ìbẹ̀rù mú Àmọ̀kẹ́, mi ò ní bo ìyẹn fún yín. Ọdún kẹtàlá rèé nínú ilé yẹn, ibẹ̀ ló bí ọmọ sí, kò ní ilé bàbá tó máa padà sí. Ó wo ìgò méjì tó kù nínú àpótí. Láti ìgbà tó ti ń gbọ́n ni wọ́n ti ń rán an níṣẹ́: lọ gbé èyí wá, fọ tọ̀hún, nu ibí. Kò sẹ́ni tó fi nǹkan kan lé e lọ́wọ́ rí pé, ìwọ lo ni ín, ohun tó o bá sọ la máa gbà gbọ́.

"Bàbá," ló wí, "A. Ládòkun ni mo ń kọ sára gbogbo wọn. Orúkọ yín ni. Mi ò ní fi ṣe iṣẹ́ jákujàku."

Ó dìde. Bàbá ju ọwọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọdẹ, wọ́n sì ṣáná.

Iná mú bẹẹrẹ tó gbẹ, ó ń ta páú páú, àwọn àṣá ti ń rà bàbà lókè. Èéfín rú dìde, afẹ́fẹ́ sì gbé e bọ̀ síbi àpáta. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Àmọ̀kẹ́, tí ojú rẹ̀ ń ta tí omi ń dà níbẹ̀, ó yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fa èémí, ó na ìgò síwájú, ó sì ṣí i.

Oókan. Eéjì. Ẹẹ́ta.

Ìgbà tó ka mẹ́wàá, ó gbọ́ ọ lẹ́yìn rẹ̀. Kò tilẹ̀ pariwo.

"Ìyàwó wa, o kú iṣẹ́."

Mọ́kànlá. Méjìlá. Gbogbo ara rẹ̀ ló ń fẹ́ wólẹ̀ fúnra rẹ̀, eékún rẹ̀ ti ń tẹ̀ láìjẹ́ pé ó rán an, ó sì tún nà án padà. Ogún. Márùndínlọ́gbọ̀n. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ọgbọ̀n. Ó dé ìgò náà, ó wúkọ́ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bì, ó yí padà, ó kúnlẹ̀.

"O ò, Bàbá. Ẹ ṣeun, sà."

Bàbá Ládòkun ti ń sọ̀kalẹ̀ lọ. Kò bojú wẹ̀yìn. Àmọ̀kẹ́ dúró títí iná fi kọjá, tí ilẹ̀ dúdú kù, tí èéfín fúyẹ́. Ó lo ìgò kejìlá. Ó kọ ọjọ́ àti àkókò sára méjèèjì, ó fi èérún igi há wọn sínú àpótí kí wọ́n má baà kan ara wọn. Ó ti mọ ohun tó máa bá nílé.

Ó sì bá a. Wọ́n ti gbé àpótí aṣọ rẹ̀ síta, sí iwájú ilé gan-an, ẹní rẹ̀ wà lórí rẹ̀ ní kíká. Àdìjátù dúró sẹ́nu ọ̀nà. Bàbá jókòó sórí àga rẹ̀, ó kọjú sí ọ̀nà. Ràmọ́nì wà níbi ògiri, kò sí abẹ́rẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

Àmọ̀kẹ́ gbé àpótí ìgò kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀.

"Ẹ kú ilé, Bàbá. Ẹ kú iṣẹ́ iná."

Bàbá ń wo ọ̀nà.

"Bàbá, ẹ kú ilé o."

Bàbá pa ètè pọ̀. Iṣan ń fò lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀.

"Bàbá mi, bàbá ọkọ mi. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́."

Àdìjátù rẹ́rìn-ín ìwọ̀nba. "Kò ha tán? Ó ti gbọ́ bó ṣe ń dun èèyàn tí wọn ò bá dá a lóhùn."

"Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi," Àmọ̀kẹ́ wí. "Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n ilé mi nìyí." Ó wo ọkọ rẹ̀. "Bàbá Mọ́nsúrù, ẹ bá mi gbé ẹ̀gbẹ́ kan."

Ràmọ́nì wo bàbá rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó kúrò níbi ògiri. Lẹ́yìn náà ó wá, ó bẹ̀rẹ̀, ó di àpótí aṣọ náà mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àdìjátù wo Bàbá, ó yà kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Àmọ̀kẹ́ kò tíì dìde. Ó ń wo ojú àgbàlagbà náà, ètè rẹ̀ tó pa pọ̀, àyà rẹ̀ tó wú.

"Ó dáa, Bàbá," ló wí. "Ìgò yín ló ṣì wà ní ṣíṣí. Ẹ má kánjú. Tẹ́ ẹ bá dé e tán, mo wà nínú yàrá mi."

Ó dìde, ó gbọn eérú kúrò ní aṣọ rẹ̀, òun àti ọkọ rẹ̀ sì gbé àpótí náà wọlé.